Nígbà tí nǹkan oṣù bá padà dé

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí gùn, ẹ wá ibi fìdí lé. Ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó ń bọ́ lọ́wọ́ tramadol àti codeine ni, ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù wọn sì ni pẹ̀lú. Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ má sá lọ. Ẹ ní ẹ̀gbọ́n obìnrin, ẹ ní àbúrò, ẹ ní ọ̀rẹ́bìnrin. 🧵

Àbúrò mi obìnrin lo tramadol fún nǹkan bí ọdún méjì ààbọ̀. Ó ti bọ́ níbẹ̀ báyìí, ó ti lé lọ́dún kan. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí n kọ èyí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ gbogbo ẹ̀, ẹ ṣáà má dárúkọ mi." Nítorí náà, "àbúrò mi" ni n ó máa pè é títí a ó fi parí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí, bí ẹ ò bá tiẹ̀ ka ìyókù. Gbogbo èèyàn ló ń kìlọ̀ nípa ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ téèyàn bá jáwọ́ nínú oògùn. Wọ́n á ní ara á máa gbọ̀n, inú á máa ṣí, oorun ò ní wá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n fún obìnrin, ọjọ́ mìíràn ṣì wà níwájú tí wọn kì í sọ fún un: ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá padà dé. Ọjọ́ yẹn lè dá a padà síbi tó ti ń bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Tramadol, codeine, morphine, heroin, ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Opioid ni wọ́n ń pe ìdílé yẹn. Ní 2019, àjọ UNODC àti NBS gbé ìwádìí ńlá kan jáde nípa lílo oògùn olóró ní Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 14.3 èèyàn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 15 sí 64 ló lo oògùn olóró láàárín ọdún kan. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.6 ló lo opioid láìjẹ́ pé dókítà ló ní kí wọ́n lò ó bẹ́ẹ̀.

Nínú ẹni mẹ́rin tó ń lo oògùn olóró, obìnrin ni ẹnì kan. Tó bá wá di oògùn inú kẹ́míìsì, bíi tramadol àti oògùn ikọ́ tó ní codeine, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin àti obìnrin kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni ìjọba fòfin de ṣíṣe oògùn ikọ́ tó ní codeine àti kíkó o wọlé. Tramadol ò tíì kúrò ládùúgbò.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó. Tí wọ́n bá ní "oògùn olóró", ọmọ ọkùnrin tó dúró sí gáréèjì ni gbogbo wa ń rí lọ́kàn. Ọmọbìnrin tó ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, tó fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, kò sẹ́ni tó ń rò ó mọ́ ọn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ fún àbúrò mi nìyẹn o. Kì í ṣe fàájì, kì í ṣe ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Inú rírun ni.

Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe nǹkan oṣù ni inú ti máa ń run ún gan-an. Á bì, á máa làágùn, á pa iléèwé jẹ fún ọjọ́ méjì. Tó bá sọ ọ́ fún àgbàlagbà, ìdáhùn kan náà ni: "Fara dà á, bó o bá ti bímọ, á lọ." Kò sí obìnrin Yorùbá tí kò gbọ́ gbólóhùn yẹn rí. Wọ́n sọ ọ́ fún èmi náà.

Ọmọ ọdún 19 ni, ó ti wà ní poli, nígbà tó wọ kẹ́míìsì kan lẹ́bàá ọgbà iléèwé, tó ní kí wọ́n fún òun ní nǹkan tó le ju paracetamol lọ. Wọ́n fún un ní tramadol. Wọn ò béèrè ìwé dókítà, wọn ò béèrè ohun tó ń ṣe é. Láàárín wákàtí kan, inú dákẹ́. Ó ní ńṣe ló dà bíi pé ẹnì kan gbé ọlọ kúrò lórí ikùn òun.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, ó ti rà á sílẹ̀ kí nǹkan oṣù tó dé. Nígbà tó máa fi di oṣù karùn-ún, ó ti ń lò ó lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan oṣù rárá: ọjọ́ ìdánwò, ọjọ́ tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀, ọjọ́ tí kò kàn fẹ́ ronú. Láti 50 miligíráàmù ó dé 100. Láti 100 ó dé 225, èyí tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀. Bí ara ṣe máa ń ṣe sí opioid nìyẹn: ohun tó tó o lánàá kò ní tó o lọ́la.

Nígbà tó yá, nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ó kọ́kọ́ dín kù, ó wá ń fo oṣù kan, ó ń fo méjì. Lẹ́yìn náà, ó dúró pátápátá. Oṣù mọ́kànlá gbáko, kò rí ẹ̀jẹ̀.

Ṣé ẹ mọ ohun tó sọ fún mi? Ó ní inú òun dùn. Kò sí páàdì, kò sí inú rírun. Lójú ẹ̀, oògùn yìí ti tún ṣe oore kejì.

Màmá wa ló kọ́kọ́ fura. Ìyá ló mọ iye páàdì tó ń tán nílé. Wọ́n pè é sí yàrá, wọ́n bi í léèrè ta ló fún un lóyún. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sí oyún. Ìgbà tí kò sí oyún gan-an lẹ̀rù wá bà wọ́n, wọ́n ní ayé ti so nǹkan oṣù ọmọ àwọn mọ́lẹ̀ kó má baà bímọ. Wọ́n gbààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje. Mi ò fi màmá wa ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tí kò mọ ibi tí òrùlé ti ń jò, gbogbo àjà ló máa fọwọ́ bà.

Ibi tó ti ń jò gan-an nìyí, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wá ṣàlàyé ẹ̀ fún wa nígbà tó yá.

Nínú ọpọlọ, apá kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní hypothalamus. Ẹ fi ṣe ààfin ọba. Ní àkókò ní àkókò, tọ̀sán tòru, ààfin yìí máa ń rán oníṣẹ́ jáde. GnRH lorúkọ oníṣẹ́ yẹn. Oníṣẹ́ á lọ bá akéde, ìyẹn pituitary, tó wà nísàlẹ̀ ọpọlọ níbẹ̀. Akéde á wá kéde lọ sí ibi tí ẹyin obìnrin wà. LH àti FSH ni ìkéde ẹ̀. Tí ìkéde bá dé, ẹyin á gbó, estrogen á jáde, ilé ọmọ á múra sílẹ̀. Tí oyún ò bá dúró, nǹkan oṣù á wá.

Opioid máa ń pa oníṣẹ́ yẹn lẹ́nu mọ́. Ààfin á dákẹ́. Bí ààfin bá sì dákẹ́, kí ni akéde fẹ́ kéde? Ará oko ò ní mọ̀ pé ọjọ́ ọjà ti pé. Ilé ọmọ ò bàjẹ́, ẹyin ò tán. Iṣẹ́ ni ò jẹ́.

Opioid tún lè mú kí hòmóònù kan tó ń jẹ́ prolactin pọ̀ sí i lára. Prolactin yìí náà ló ń pọ̀ lára ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú, tí kì í jẹ́ kó tètè rí nǹkan oṣù. Ìdí nìyẹn tí ọmú obìnrin mìíràn tó ń lo opioid fi lè máa ṣe omi bíi wàrà, láìlóyún, láìbímọ. Bó bá ń ṣe ọ́, ìwọ kọ́ lakọ́kọ́. Sọ fún dókítà.

Ẹ tún fi kún un pé ẹni tí oògùn ti mú kì í sábà jẹun kánú, á rù, ìrònú á sì pọ̀. Àwọn nìyẹn nìkan tó láti dá nǹkan oṣù dúró lára obìnrin tí kò tiẹ̀ fọwọ́ kan oògùn rí.

Nítorí náà, ayé kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe pé ó ti yàgàn.

Ṣùgbọ́n nǹkan oṣù tó dúró yẹn kì í ṣe ìsinmi. Estrogen tó lọ sílẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ máa ń mú kí egungun fúyẹ́. Ó lè mú kí ara máa gbóná wìì bíi ti ìyá àgbà tó ti dẹ́kun nǹkan oṣù, kí òógùn máa bo èèyàn lóru, kí ọkùnrin má wu èèyàn mọ́. Ọmọ ọdún 21 ni àbúrò mi nígbà tí gbogbo èyí ń ṣe é. Ó rò pé ibà ni.

Báwo ló ṣe wá jáwọ́? Ibí yìí ni mo máa sáré kọjá, torí ìtàn tiẹ̀ ni, kì í ṣe tèmi. Ó dá kú lọ́jọ́ kan, gìrì gbé e. Tramadol lágbára láti fa gìrì. A gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ni òtítọ́ ti jáde. Wọ́n dá a dúró díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ojú dókítà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe ti ọmọ mọ́ yàrá kẹ́ ẹ ní ẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ tramadol. Dídá a dúró lójijì léwu, pàápàá fún ẹni tó ti ń lo èyí tó pọ̀ tàbí ẹni tó lóyún.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ rí bí wọ́n ṣe sọ: ó ń yán, imú ń ṣomi, ara ń ṣú, inú ń ṣí, ẹsẹ̀ ò dúró sójú kan, ẹ̀rù ń bà á láìsí ohun tó ń lé e. Gbogbo wa wà níbẹ̀. Màmá ń se àsáró, èmi ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, bàbá ń ka Sáàmù. Ọ̀sẹ̀ kẹta, ó ti ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ kẹfà, wọ́n ní kó wá gbé lọ́dọ̀ mi. Gbogbo ilé ló ń dúpẹ́. Onílé dákẹ́, àlejò dákẹ́, a ní ogun ti tán.

Ọ̀sẹ̀ kọkànlá ni ẹ̀jẹ̀ dé.

Ó jí mi ní nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo ti rí nǹkan oṣù." Mo fò sókè. Mo pe màmá wa, wọ́n bú sẹ́kún lórí fóònù, wọ́n ń kọrin. Láti oṣù mọ́kànlá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara ọmọ wọn ti rántí ara ẹ̀. Ó yẹ ká yọ̀. A sì yọ̀.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó ti dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Inú ń run ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bì. Òógùn bò ó, lẹ́yìn náà otútù mú un, ara ẹ̀ sì ṣú. Inú ń ṣí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ó ti padà, ẹ̀gbọ́n mi. Gbogbo ẹ̀ ti padà." Èmi rò pé nǹkan oṣù ló ń sọ. Rárá o. Oògùn ló ń sọ. Ara ẹ̀ ń béèrè tramadol, bíi pé ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá yẹn ò ṣẹlẹ̀ rí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó wọ bàtà. Ó ní òun fẹ́ ra páàdì. Páàdì méjì ṣì wà lórí tábìlì, inú ọ̀rá, a ò tíì já a.

Mi ò bá a jà. Mo ní, "Jẹ́ ká jọ lọ." A dé ẹnu géètì, ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan tó wà níbẹ̀, ó sunkún. A jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyá tó ń dín àkàrà lọ́ọ̀ọ́kán ò béèrè nǹkan kan, wọ́n kàn fi àkàrà mẹ́rin ránṣẹ́ sí wa. Ibẹ̀ la ti pe nọ́ọ̀sì tó tọ́jú ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yẹn ò ṣe wàásù. Wọ́n ní kó fi fóònù sétí, wọ́n ní, "Gbọ́ mi. Ìrora nǹkan oṣù lèyí, kì í ṣe ìrora oògùn. Wọ́n jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ìbejì. Èyí lọ́jọ́ tó máa parí. Ní ọ̀túnla, á ti lọ."

Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀rọ̀ yẹn, torí òun ni mo ṣe ń kọ gbogbo eléyìí.

Ìdí mẹ́ta ló mú kí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ le fún ẹni tó ń bọ̀ láti ìdí opioid.

Àkọ́kọ́: ìrora tó ń sá fún tẹ́lẹ̀ ò lọ síbì kankan. Ó wà níbẹ̀, wọ́n kàn bò ó mọ́lẹ̀ ni. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ẹni tó ti lo opioid pẹ́, iṣan ara ẹ̀ lè máa mọ ìrora ju bó ṣe ń mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Ara á tún ara ẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe lọ́jọ́ kan. Nítorí náà, tó bá ní inú òun ń run òun ju ti àtijọ́ lọ, kì í ṣe àṣejù.

Ìkejì: àmì wọn jọra. Inú rírun, inú ṣíṣí, òógùn, otútù, àìsùn, ìbínú. Obìnrin tó mọ bí ara ṣe ń rí nígbà tí oògùn bá tán lára máa rò pé ibẹ̀ náà ni òun tún wà. Ọkàn á sì sọ fún un pé òun mọ oògùn tó ń wò ó.

Ìkẹta: àwọn hòmóònù tó ti dákẹ́ ń sọ̀rọ̀ padà, ohùn wọn ò tíì dọ́gba. Oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ lè rí ségesège. Ẹ̀jẹ̀ lè pọ̀, ó lè kéré, ó lè dé lẹ́yìn ọjọ́ 20, ó lè dé lẹ́yìn ọjọ́ 50. Ọkàn náà á máa lọ sókè sódò.

Ẹni tí wọ́n ti sọ èyí fún tẹ́lẹ̀ á mọ ohun tó dé bá òun. Ẹni tí wọn ò sọ fún, kẹ́míìsì ló máa lọ.

Kẹ́míìsì yẹn gan-an ni ewu tó tóbi jù wà. Ẹ fi etí sílẹ̀ níbí: ara tó ti bọ́ lọ́wọ́ opioid ti gbàgbé bó ṣe ń gbé e. Ìwọ̀n tí àbúrò mi ń lò kó tó jáwọ́, tí kì í ṣe é ní nǹkan kan nígbà yẹn, lè dá èémí ẹ̀ dúró lónìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń kú, lẹ́yìn tí wọ́n ti jáwọ́ ni wọ́n ń kú, lọ́jọ́ tí wọ́n bá padà sí ìwọ̀n àtijọ́. Bí ẹ bá rí ẹni tó lo opioid tí èémí ẹ̀ ń falẹ̀, tí ètè ẹ̀ ń dúdú, tí ẹ̀ ń jí i tí kò jí, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíá. Ẹ má sọ pé ẹ jẹ́ kó sùn.

Ó dáa. Kí la wá lè ṣe? Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyí, tó sì ṣiṣẹ́ fún wa.

Kí nǹkan oṣù tó padà, ẹ ti bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Ẹ sọ fún wọn tààrà pé, "Mo ti lo tramadol rí, mi ò fẹ́ oògùn kankan tó bá a tan." Ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Tí wọn ò bá mọ̀, wọ́n lè kọ codeine fún yín láìmọ̀.

Inú rírun nǹkan oṣù, ohun kan tó ń jẹ́ prostaglandin ló ń fún ilé ọmọ pọ̀ bí ẹni ń fún aṣọ. Ibuprofen àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń dènà ẹ̀, wọn kì í sì í ṣe opioid. Wọ́n máa ń ṣiṣẹ́ jù téèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó gẹ́rẹ́ tí àmì bá ti yọ, kì í ṣe ìgbà tí ìrora ti gorí. Ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó lò ó. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ikọ́ fée, tàbí àìsàn kíndìnrín, kó béèrè lọ́wọ́ dókítà kó tó fọwọ́ kàn án.

Omi gbígbóná. Ẹ rọ ọ́ sínú rọ́bà omi gbígbóná tàbí ìgò tó ní ìdérí, ẹ fi táwẹ̀lì wé e, ẹ gbé e lé ìsàlẹ̀ ikùn. Ohun àtijọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹ má mu àgbo tàbí páárágà tí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀. Àwọn kan ń da tramadol sí i. Ẹ lè rò pé egbò ni ẹ̀ ń mu.

Ẹ máa kọ ọjọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ń kọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó parí, àti bí ìrora ṣe le tó, sínú kàlẹ́ńdà orí fóònù. Lóṣù kẹta ó ti mọ ọjọ́ tó yẹ kó má dá wà. Ọjọ́ yẹn ló máa ń wá sọ́dọ̀ mi.

Ẹ jẹ ẹ̀wà, ẹ jẹ ẹ̀fọ́, ẹ jẹ ẹ̀dọ̀ tí owó bá wà. Ara tó ti rù ni, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde lára ẹ̀.

Tí ìrora bá ṣì le lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ẹ má gba "bó o bá bímọ, á lọ". Ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Endometriosis wà, fibroid wà, wọ́n sì ní ìtọ́jú. Ká ní ẹnì kan ti yẹ àbúrò mi wò lọ́mọ ọdún 15, bóyá a ò bá má mọ orúkọ tramadol nílé wa.

Tí nǹkan oṣù ò bá tíì padà ńkọ́? Fún ẹlòmíràn, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni. Fún ẹlòmíràn, oṣù bíi mélòó kan. Tó bá lé ní oṣù mẹ́ta, ẹ ṣe àyẹ̀wò oyún, kẹ́ ẹ sì lọ rí dókítà. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn tí kò kan oògùn rárá.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi: ẹyin máa ń jáde ṣáájú ẹ̀jẹ̀. Ìyẹn ni pé obìnrin lè lóyún kó tó rí nǹkan oṣù àkọ́kọ́ padà. Ẹni tí kò rí nǹkan oṣù fún ọdún kan lè rò pé òun ò lè lóyún, kó má lo nǹkan kan. Ẹ lo kọ́ńdọ̀mù, tàbí kẹ́ ẹ lọ sí ibi ìfètòsọ́mọbíbí. Ẹni tó bá sì lóyún nígbà tó ṣì ń lo opioid, kó má dá a dúró fúnra ẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kó gbà lọ, fún ẹ̀mí ara ẹ̀ àti ti ọmọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń fún yín ní methadone tàbí buprenorphine: opioid làwọn náà, ṣùgbọ́n ìtọ́jú ni wọ́n, wọ́n ń gba ẹ̀mí là. Nǹkan oṣù lè pẹ́ kó tó tò dáadáa tẹ́ ẹ bá wà lórí methadone. Ẹ má torí ẹ̀ dá a dúró fúnra yín. Ẹ bá àwọn tó ń tọ́jú yín sọ ọ́.

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ má máa ka páàdì láti fi mú ọ̀daràn. Ẹ máa bi í bí ara ẹ̀ ṣe rí. Tó bá ní inú ń run òun, ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tí a ò gbà gbọ́ nígbà tó ní inú ń run òun, oògùn ló gbà á gbọ́.

Nílé, Aro ní Abẹ́òkúta àti ọsibítù ọpọlọ ti Yábàá ní Èkó ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àwọn tí oògùn ti mú. NDLEA náà ní nọ́ńbà ọ̀fẹ́ tí ẹ lè pè fún ìrànlọ́wọ́: 080010203040.

Nǹkan oṣù àbúrò mi ti ń dé déédéé báyìí, ọjọ́ 29 sí 31. Inú ṣì ń run ún. Lóṣù tó kọjá, ó lo ibuprofen méjì, ó fi omi gbígbóná lé ikùn, ó wo fíìmù mẹ́ta, ó sì bá mi jà lórí ẹni tó máa fọ abọ́. Èmi ni mo fọ̀ ọ́.

Tí ẹ bá mọ obìnrin kan tó ń jáwọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí i kí ọjọ́ náà tó dé. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Tójú bá ń tì yín, DM mi ṣí sílẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Ìbàdàn lẹ wà, mo lè bá yín rìn dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù.